Wi-Fi nínú kíláàsì: ohun tó ń ba òbí lẹ́rù àti ohun tí ìwádìí ti rí

Awuyewuye lórí Wi-Fi nílé ìwé kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti orí sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀fọ́rí ọmọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ á ti ilé ìwé dé, á ní orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, òun ò rí ọkàn pa pọ̀ nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, ara rẹ̀ á yá gágá. Ìyá rẹ̀ á wá máa ro ohun tó wà nílé ìwé tó lè fà á, ojú rẹ̀ á sì lọ sára àpótí kékeré tó wà lókè ògiri kíláàsì, tó ń ṣẹ́jú iná láti àárọ̀ títí dìgbà tí ilé ìwé á fi parí.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn ní agbègbè Simcoe, ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 2010. Àwọn òbí kan kóra wọn jọ níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀fọ́rí àti òòyì ń ṣe àwọn ọmọ àwọn lọ́jọ́ ilé ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe wọ́n lópin ọ̀sẹ̀, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n yọ Wi-Fi kúrò. Ìjọba Kánádà dá wọn lóhùn pé ìgbì tó wà nínú kíláàsì kéré gan-an sí ohun tí ìlànà gbà láàyè. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tó béèrè pé "kí ló ń ṣe ọmọ mi?" kò lè fi "a ò rú òfin" sùn.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé Wi-Fi inú kíláàsì ń ṣe ọmọ ní jàǹbá, màá sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òbí tó béèrè kò ṣẹ̀. Ilé ìwé tó bá dá a lóhùn bí ẹni ń lé eṣinṣin ló ń dá ìjà sílẹ̀, ọmọ tí orí ń fọ́ ló sì máa ń jẹ ìyà ìjà náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìgbì rédíò ni Wi-Fi ń lò, irú èyí tó ń gbé ohùn asọ̀rọ̀mágbèsì wá sínú ilé. Tirẹ̀ kàn ń gbọ̀n kíákíá ju ìyẹn lọ ni: bílíọ̀nù 2.4 tàbí bílíọ̀nù 5 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìtànṣán X-ray náà jẹ́ ìgbì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pọ̀. X-ray lágbára láti fọ́ ohun tó so àwọn èròjà inú ara pọ̀, ó lè ba DNA jẹ́, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ìgbì rédíò kò ní irú agbára yẹn. Kódà, ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran, bí a bá wọn agbára rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju ti Wi-Fi lọ.

Ohun tí gbogbo onímọ̀ gbà pé ìgbì rédíò lè ṣe ni pé, bó bá pọ̀ tó, ó ń mú nǹkan gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan kò fi ní ṣàì dárúkọ ẹ̀rọ máíkírówéèfù nípàdé òbí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: nǹkan bíi 2.45 GHz, ìyẹn bílíọ̀nù 2.45 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná ń lò, Wi-Fi sì wà ní tòsí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára máíkírówéèfù máa ń tó 700 wọ́ọ̀tì sí 1,000, wọ́n sì há a mọ́ inú àpótí onírin kí gbogbo rẹ̀ lè dojú kọ oúnjẹ. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí Wi-Fi orí 2.4 GHz ju 0.1 wọ́ọ̀tì lọ, gbogbo yàrá ló sì ń fọ́n ìyẹn náà ká. Bí èèyàn bá sì ṣe ń jìnnà sí i ló ń dín kù, bíi ti ẹni tó ń yáná tó wá sún sẹ́yìn: ìgbésẹ̀ méjì péré, ooru náà ò tó nǹkan mọ́.

Mélòó wá ni ó ń dé ara ọmọ? Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2007, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí di ariwo lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tó ń bójú tó ààbò ìlera aráàlú níbẹ̀ nígbà náà, Health Protection Agency, dáwọ́ lé ìwádìí lórí Wi-Fi ilé ìwé. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Wọ́n mú àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ilé ìwé ń lò, wọ́n sì wọn ohun tó ń jáde lára wọn nígbà tí wọ́n bá ń fọ́n ìgbì síta láìdákẹ́. Ní mítà kan sí ráútà, ìyẹn àpótí tó ń gbé Wi-Fi jáde, èyí tó ga jù tí wọ́n rí jẹ́ mílíwọ́ọ̀tì 18 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ní mítà kan sí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó jẹ́ 4. Ibi tí ìlànà ICNIRP, àjọ onímọ̀ tó fìkàlẹ̀ sí Jámánì tó ń gbé ìlànà ààbò lórí ìgbì kalẹ̀, fi òpin sí fún aráàlú jẹ́ 10,000. Ìyẹn ni pé ti ráútà kò tó ìdá kan nínú 500 ohun tí ìlànà náà gbà.

Iye yẹn gan-an ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì lọ, torí pé ẹ̀rọ Wi-Fi kì í sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ẹ wo kíláàsì tí ọmọ 30 ti ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kan tẹ ojú ìwé tuntun. Tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ráútà láàárín ìdá bíńtín nínú ìṣẹ́jú àáyá, ó dákẹ́. Ráútà fún un lésì, òun náà dákẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà fi ń ka ohun tó wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀nba ohun tó kù ni àmì kúkúrú tí ráútà máa ń fi síta ní nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá láti fi hàn pé òun wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́? Àwọn tó bá wà lórí ìkànnì ìgbì kan náà ní láti máa dúró de ara wọn, torí bí méjì bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á dà pọ̀. Nítorí náà, ọmọ 30 kò túmọ̀ sí ìgbì ìlọ́po 30. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn lọ wo ilé ìwé mẹ́fà láti mọ bí àkókò tí ẹ̀rọ fi ń fọ́n ìgbì síta ṣe pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ kò lò ju 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ, bí a bá pín in dọ́gba. Ti ráútà kò tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú wọn kò sì kọjá 12.

Àjọ kan náà fi yé aráàlú nígbà yẹn pé ẹni tó bá jókòó síbi tí Wi-Fi wà fún odindi ọdún kan á gba ìwọ̀n ìgbì tí ẹni tó fi fóònù sétí fún 20 ìṣẹ́jú ń gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ dáadáa, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù ráútà ló ra fóònù fún ọmọ. Fóònù máa ń fi agbára kún iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára kí ó lè bá òpó tó jìnnà sọ̀rọ̀. Nílé ìwé tí wọ́n bá ti gba ọmọ láyè láti lo fóònù, bí wọ́n bá yọ Wi-Fi, orí détà ni àwọn ọmọ á bọ́ sí, ìgbì tó ń kàn wọ́n lára á sì lè pọ̀ sí i.

Ṣé ohun tí wọ́n rí yìí ti yanjú gbogbo rẹ̀? Rárá. Àwọn òbí tó ti ka ìwé lórí rẹ̀ á sọ pé ooru nìkan ni ìlànà ń wò: wọ́n mú ìwọ̀n tí ara fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju bó ti yẹ lọ, wọ́n pín in sí 50, wọ́n fi ìyẹn ṣe òpin fún aráàlú. Ìgbì kékeré tó ń kan ọmọ lára lójoojúmọ́ fún ọdún 12 ńkọ́? Ara ọmọ ṣì ń dàgbà, egungun orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àgbàlagbà lọ, ọdún tó kù tí á fi máa bá ìgbì pàdé sì pọ̀ ju tiwa lọ. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ìbéèrè aláìmọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọdún 2011 ti wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn onímọ̀ 31 láti orílẹ̀-èdè 14 pàdé ní Lyon, lórílẹ̀-èdè Faransé, lábẹ́ IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ. Wọ́n fi ìgbì rédíò sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí lórí rẹ̀ kò tó. Gbogbo ìwé táwọn òbí ń kọ sí ilé ìwé ló máa ń dárúkọ ìpinnu yìí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi kún un ni pé fóònù tí èèyàn ń fi sétí ni ìwádìí tó mú wọn ṣe ìpinnu náà dá lé, pàápàá irú kókó ọlọ́yún kan nínú ọpọlọ, kì í ṣe Wi-Fi. Omi tí wọ́n fún lára odindi ewé aloe vera náà wà nínú ìsọ̀rí 2B. Tábà wà nínú ìsọ̀rí kìíní, níbi tí ẹ̀rí ti dájú.

Láti ìgbà náà, ìwádìí ti pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní MOBI-Kids wo àwọn ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 10 sí 24 ní orílẹ̀-èdè 14, kò sì rí ẹ̀rí pé lílo fóònù ń mú kí jẹjẹrẹ ọpọlọ pọ̀ sí i láàárín wọn. Lọ́dún 2024, àgbéyẹ̀wò ńlá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe lórí ìwádìí 63 jáde, kò sì rí ìsopọ̀ láàárín fóònù àti jẹjẹrẹ ọpọlọ. Bí fóònù tó ń kan etí kò bá fi àmì jàǹbá hàn lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ó ṣòro láti rí ọ̀nà tí ráútà tó wà ní mítà mẹ́ta fi máa ṣe é.

Ìwádìí kan wà tí ó ní ká ṣọ́ra, n kò sì fẹ́ fi pa mọ́. Lọ́dún 2018, National Toxicology Program, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ohun tó lè pa ara lára, sọ pé àwọn rí ẹ̀rí tó yanjú pé akọ eku tí wọ́n fi sínú ìgbì fóònù ní kókó ọlọ́yún nínú ọkàn. Wákàtí mẹ́sàn-án lóòjọ́ fún ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ara eku ni ìgbì náà bò, ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n lò sì lé ní ìlọ́po 18 ohun tí ìlànà gbà láàyè fún gbogbo ara aráàlú. Ìgbì 2G àti 3G ni wọ́n lò, kò sí Wi-Fi nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a lè gbé látorí eku yẹn lọ sórí ọmọ tó jókòó ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀fọ́rí, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ìgbì ń ṣe àwọn: ara á máa ta wọ́n, wọn ò ní lè sùn, orí á máa fọ́ wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ̀wé lórí wọn lọ́dún 2005, ó sì sọ pé ìrora wọn kì í ṣe àfinúrò lásán, ó lè mú kí ìgbésí ayé nira fún wọn gan-an. Ohun tí àjọ náà kò rí ni ẹ̀rí pé ìgbì ló ń fà á. Àgbéyẹ̀wò kan lọ́dún 2010 kó ìdánwò 46 jọ, tí èèyàn 1,175 kópa nínú wọn. Nínú àwọn ìdánwò náà, ẹni tí wọ́n ń dán wò kò mọ ìgbà tí ìgbì wà àti ìgbà tí kò sí, ẹni tó ń dán an wò náà kò sì mọ̀. Lápapọ̀, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró pé ìgbì gan-an ló ń fa ìnira náà, torí ó ń ṣe àwọn èèyàn yìí bákan náà nígbà tí ìgbì kò sí rárá.

Èyí tó gún mi lọ́kàn jù ni ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Èèyàn 147 ni wọ́n pè. Wọ́n fi fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan lórí ewu Wi-Fi han àwọn kan, wọ́n fi òmíràn tí kò sọ̀rọ̀ ìlera han àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn máa tan irú Wi-Fi tuntun kan fún ìṣẹ́jú 15. Kò sí Wi-Fi kankan tí wọ́n tàn. Síbẹ̀, èèyàn 54 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n lára: ọkàn ò balẹ̀, ọkàn ò pa pọ̀, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ta wọ́n. Ẹni méjì ní kí wọ́n dá a dúró kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, ara àwọn ò gbà á mọ́. Ó sì nípọn jù lára àwọn tí àníyàn ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún wo fíìmù ewu náà.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìbẹ̀rù máa ń mú ara ṣe nǹkan gidi. Ọmọ tó bá ń gbọ́ lójoojúmọ́ pé àpótí orí ògiri ń pa òun lára, orí rẹ̀ lè fọ́ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ òbí pé kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ọmọ nígbà tí wọ́n bá ṣì ń bá ilé ìwé fà á.

Kí ẹ̀fọ́rí máa wá lọ́jọ́ ilé ìwé kó sì máa lọ lópin ọ̀sẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kí a wo ilé ìwé. Kò tíì sọ pé Wi-Fi ni, pàápàá nígbà tí Wi-Fi wà nílé ọmọ náà, tó sì ń sùn sínú rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran dáadáa á máa fún ojú mọ́ ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó láti àárọ̀, orí rẹ̀ á fọ́. Yàrá tí ọmọ 30 wà pẹ̀lú fèrèsé títì á gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á wúwo, oorun àti ẹ̀fọ́rí á tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò mu omi nítorí pé ó ń sá fún ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé. Ọmọ tí kò sùn tó. Ọmọ tí ẹnì kan ń fìyà jẹ ní kíláàsì, tí kò lè sọ. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń lọ lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní àtúnṣe. Bí a bá fi oṣù mẹ́fà jà lórí ráútà láì mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àti oníṣègùn ojú, oṣù mẹ́fà ni a fi gbàgbé ọmọ.

Àwọn ìjọba kan ti yan ọ̀nà ìṣọ́ra. Òfin tí Faransé ṣe lóṣù Kìíní ọdún 2015 kò gbà kí Wi-Fi wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó sì ní kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa pa á nígbà tí wọn kò bá fi kọ́ni. Ṣáájú ìyẹn, lóṣù Karùn-ún 2011, ilé aṣòfin Ìgbìmọ̀ Yúróòpù, nínú ìpinnu 1815, ti gba ilé ìwé nímọ̀ràn láti fi íntánẹ́ẹ̀tì onáwáyà ṣáájú. Ìṣọ́ra ni wọ́n pè é. Wọn ò sọ pé wọ́n ti rí jàǹbá. Ẹni tó bá ń lo òfin Faransé bí ẹ̀rí pé Wi-Fi ń pa ọmọ ti sọ ju ohun tí òfin náà sọ.

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń yí sọ́tùn-ún sósì bákan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Washington dá FCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, lẹ́bi pé kò ṣàlàyé tó ní láárí lórí ìdí tó fi fi òpin tó ṣe lọ́dún 1996 sílẹ̀ bó ṣe wà, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ti ẹni tí ìgbì ń kàn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìgbì náà léwu. Wọ́n ní aráàlú béèrè, àjọ náà kò sì dáhùn bó ti yẹ. Lójú tèmi, ẹ̀bi tí ilé ìwé púpọ̀ ń jẹ nìyẹn.

Kò sì ṣòro láti dáhùn. Ráútà lè wà lókè àjà dípò ẹ̀gbẹ́ àga ọmọ. Kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan lè lo wáyà, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á tún yára sí i. Pípa Wi-Fi kíláàsì àwọn ọmọ kékeré nígbà tí wọn ò lò ó kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn nǹkan yìí kò pọn dandan látàrí ohun tí ìwádìí rí, ṣùgbọ́n wọ́n rọrùn, wọ́n sì ń fi hàn pé wọ́n gbọ́ ohun tí òbí sọ. Bí òbí àti olùkọ́ bá sì ti jókòó pọ̀, kí wọ́n béèrè ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun táwọn ọmọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà àti ohun tí wọ́n lè ṣí wò. Ìyẹn ń fẹ́ àmójútó kíákíá ju ìgbì lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì gbé ìwé èsì síta. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ta ohun ìdáàbòbò fún òbí. Kó wọ̀n ọ́n níbi tí orí ọmọ ń wà nígbà tó bá jókòó, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà, ní wákàtí tí gbogbo kíláàsì ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí ìwé náà sọ ọjọ́, aago, irú ẹ̀rọ tó fi wọ̀n ọ́n, iye tó rí àti òpin tí ìlànà fi lélẹ̀, kí òbí lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí èkíní ṣe jìnnà sí èkejì. Bí wọ́n bá lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Sátidé tí kíláàsì ṣófo, àwọn òbí á mọ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa gbà wọ́n gbọ́.